Kí ni M àti T tó wà nínú ìwé bàbá àgbà mi tó lọ ogun Bọ́mà?

OmoIkole77
Èkìtì kete o, ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan kan torí mi ò rẹ́ni bi nílé.

Bàbá tó bí màmá mi, ọmọ Ìkọ́lé ni wọ́n, wọ́n lọ ogun Hítílà, apá Bọ́mà, wọ́n padà dé ní 1946, wọ́n sì kú ní 1991 kí n tó gbọ́n tó ẹni tó ń béèrè nǹkan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la lọ pààrọ̀ páànù ilé wọn, káfíńtà ló wá pè wá pé òun rí pọtimáńtò kan lájà, eku ti jẹ ẹ́ nígun. A ṣí i. Sísọ́ọ̀sì kan tí ẹnu ẹ̀ ti wọ́, mẹ́dà kan, àbùlẹ̀ aṣọ kékeré kan tí aláǹtakùn dúdú wà lára ẹ̀, àti ìwé ẹ̀sásáìsì kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ. Ìwé yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn.

Orúkọ èèyàn ló kún inú ẹ̀, orúkọ Awúsá, ti Yorùbá, ti Tífì, àti àwọn orúkọ tí mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ. Iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, M tàbí T, lẹ́yìn ẹ̀ aago. Bíi M 4.20, T 3.15, báyìí báyìí títí ojú ìwé á fi kún. Àwọn kan ní àgbélébùú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó àjọ ni, pé M yẹn ni mọ́nì. Àbúrò màmá mi tó jẹ́ pásítọ̀ ní ká tètè dáná sun aláǹtakùn yẹn, pé awo ni. Mo ti gbé e pamọ́ kó tó rí ìṣáná.

Ohun témi mọ̀ ni pé bàbá ò yìnbọn rí. Ọ́dálì ni wọ́n, ọsibítù tó ń bá ṣọ́jà rìn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ní ìlú wọ́n ń pè wọ́n ní Ṣọ́jà Báńdéèjì, ẹ sì mọ ẹnu àwọn ará ilé wa. Ó tún ku ìkan tó ń dun ẹbí dòní. Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo èèyàn ń retí pé wọn á máa gún abẹ́rẹ́, torí àwọn ẹgbẹ́ wọn láwọn ìlú míì ń gún un, wọ́n ń fi kọ́lé. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Tí o bá ní egbò wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í, wọn ò ní gba kọ́bọ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́, láéláé. Tó bá le wọ́n á gbé ẹ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, ó di ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó dàgbà jù ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń sọ ọ́ pé bàbá wa gbé ọrọ̀ dání wálé kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án.

Emure_Boy
Ẹ kú orí ire bọ̀ọ̀dá. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ ka ìtàn Isaac Fadoyebo, iṣẹ́ kan náà lòun àti bàbá yín ṣe ní Bọ́mà, ọmọ Emùré wa níbí ni, Èkìtì ni wọ́n jọ jẹ́ 💪

TisaIjero
@Emure_Boy àbúrò, ẹ rọra. Emùré-Ilé ni Fadoyebo, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kì í ṣe Emùré-Èkìtì. Gbogbo ìgbà lẹ ń jí bàbá yẹn gbé 😂

Àmọ́ òótọ́ ni pé iṣẹ́ kan náà ni. Ọ́dálì ni Fadoyebo nínú ọsibítù tí wọ́n ń pè ní Casualty Clearing Station, ó wọ ológun ní 1942, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré. March 1944 ni àwọn ará Japan ká wọn mọ́ lẹ́bàá odò Kaladan, ọta fọ́ egungun itan ẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ pé ó ti kú. Òun àti Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n jọ kù, àwọn ará abúlé tó jẹ́ Mùsùlùmí ló fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ rò ó wò, ọ́dálì tó mọ bí wọ́n ti ń so itan tó ṣẹ́, kò sí igi, kò sí báńdéèjì, ó ń wo itan tiẹ̀ tó ń wú. Ó padà wálé, 2012 ló ṣaláìsí.

Ní ti aláǹtakùn, @OmoIkole77 ẹ sọ fún pásítọ̀ kó fọkàn balẹ̀. Àmì Divíṣọ̀n 81 ti ṣọ́jà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Anansi ni, ìyẹn aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Ghana, bí a ṣe ní Ìjàpá tiwa. Ẹ wo orí ẹ̀ dáadáa, ó dojú kọlẹ̀ àbí? Ẹ̀jìká ni wọ́n ń rán an mọ́, tí ṣọ́jà bá na ìbọn síwájú, aláǹtakùn náà á máa sáré lọ síbi tí ọ̀tá wà. Ẹni tó ronú ẹ̀ gbọ́n o.

Tó bá jẹ́ 81 ni bàbá wà, àfonífojì Kaladan ni wọ́n lọ nìyẹn ní 1944. Ọ̀nà ò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn ṣọ́jà náà ni wọ́n fi àdá àti ṣọ́bìrì la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75 kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ, nígbà tí wọ́n sì dé ibẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló ń já oúnjẹ, ọta àti oògùn sílẹ̀ fún wọn láti òkè.

Otito_Koro
Gbogbo èyí náà, ogun ta ni? Òyìnbó méjì jà, wọ́n wá kó ọmọ Ìkọ́lé lọ máa gbé ìgbẹ́ ṣọ́jà dà nù ní igbó tí ò mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n fún un ní mẹ́dà. Mẹ́dà ò ṣeé sè jẹ. Ẹ dẹ̀ má pe gbogbo àwọn tó padà dé ní ẹni ire, abúlé ìyá mi ní ọ̀kan tó ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gún gbogbo ìlú, ó kàn ń fi ṣòkòtò nù ún ni. Ẹsẹ̀ ọmọ mélòó ló rọ.

BabaSajenti_Ilawe
Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe òun ni kẹ́ ẹ bú.

Mo wọ ológun ní 1968, ẹ̀ka ìṣègùn, wọ́n kọ́ wa fún ìwọ̀nba oṣù, wọ́n kó wa lọ apá Port Harcourt nígbà ogun Bíáfírà, Third Marine Commando lorúkọ ẹgbẹ́ ológun wa. Ọmọ mi OmoIkole, M yẹn, mọ́fíìnì ni, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. T ni okùn tí wọ́n fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán, tọ́níkẹ́ẹ̀tì. Aago tó tẹ̀ lé e ni ìgbà tí wọ́n gún un tàbí tí wọ́n so ó. Kì í sì í ṣe ìwé la kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, iwájú orí ẹni yẹn gan-an ni. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ la fi ń kọ ọ́, mo ti fi èédú kọ ọ́ rí.

Ìdí ẹ̀ ni pé ẹni tó so okùn yẹn kọ́ ló máa tú u. Bọ́ ọ bá ṣubú níbi tí ìbọn ti ń dún, ẹnì kan á wọ́ ẹ jáde, ẹlòmíì á gbé ẹ lórí sítírẹ́ṣà, ìkẹta á dì ẹ́, ìkẹrin á fi lọ́rì tàbí ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ, kó o tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ọ̀bẹ. Ó lè má mọ nǹkan kan nípa ẹ, o ò sì lè sọ̀rọ̀. Okùn tó bá pẹ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ á kú, wọ́n á gé e. Nítorí náà iwájú orí ẹ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tún wá ń kọ ọ́ sínú ìwé tiẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò rán an, ìyẹn ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò gbàgbé nǹkan ni.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ wa. Omi ni. Ìdajì iṣẹ́ ọ́dálì, omi ni. Ká pọn omi, ká sè é, ká fi fọ egbò, ká fi fọ ilẹ̀, ká se ọ̀bẹ nínú ìkòkò tí wọ́n fi ń se ìrẹsì lánàá. Ilé ẹ̀kọ́ la sábà máa ń wọ̀, a á to tábìlì àwọn ọmọléèwé mọ́ra wọn, ó di tábìlì iṣẹ́ abẹ. Pátákó ìkọ̀wé wà lára ògiri, ibẹ̀ la ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye àwọn tó wọlé sí, lábẹ́ ìṣirò tí tíṣà kọ sílẹ̀ kó tó sá. Mo rántí ìṣirò yẹn dòní, 48 pín sí 6, ẹnikẹ́ni ò dáhùn ẹ̀. Tí wọ́n bá ní ojú ogun ti sún, a gbọ́dọ̀ kó ẹrù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìkòkò omi àti láńtà ló ń gbẹ̀yìn wọ lọ́rì, torí àwọn náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ níbi tá à ń lọ. Ẹni tó bá kó láńtà sísàlẹ̀ ẹrù, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Ní ti àìyìnbọn, òfin ni. Wọ́n fún wa ní ìbọn, àmọ́ láti fi dáàbò bo àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti ara wa ni, kì í ṣe láti fi lọ kọlu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń pè é ní Ṣọ́jà Báńdéèjì, ọjọ́ tí ọta bá bà á, orúkọ tó máa kọ́kọ́ pè nìyẹn.

@Otito_Koro òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn abẹ́rẹ́ yẹn. Èmi náà mọ wọn. Mi ò ní gbèjà wọn.

OmoIkole77
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ka èsì yín fún màmá mi lórí fóònù, wọn ò sọ̀rọ̀ títí káàdì fi tán.

Wọ́n ní àwọn rántí nǹkan kan nísìnyí, pé bàbá kì í jẹ́ kí ìkòkò omi ṣófo nínú ilé, bó ti wù kó pẹ́ lálẹ́ tó wọ́n á rán ọmọ lọ odò. Àwọn ọmọ rò pé ìwà àgbà ni. Wọ́n tún ní àwọ̀ bàbá pọ́n bí ìbẹ́pẹ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ará ilé rò pé ibà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni. @TisaIjero kí nìyẹn?

TisaIjero
Mẹpakírìnì ni, oògùn ibà. Òun ni wọ́n ń lò torí Japan ti gba Java, erékùṣù kan ní Indonesia, níbi tí igi kwiníìnì ti ń wá. Ìkan lójoojúmọ́, ó ń sọ awọ ara di pupa rúsúrúsú. Àwọn ṣọ́jà kì í fẹ́ gbé e mì, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé ó ń pa nǹkan ọkùnrin (ẹ mọ̀ pé tọ́kùnrin bá ti gbọ́ ìyẹn, ẹ̀kọ́ ti tán). Ọ̀gágun Slim tó jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀gá tí àwọn ṣọ́jà ẹ̀ ò bá lò ó, ó lé e dà nù. Ó lé ọ̀gá mẹ́ta, àwọn tó kù gbọ́ràn. Kì í ṣe ìkà. Ní 1943, ẹnì kan ṣoṣo tí ọta bá gbé lọ ọsibítù, àìsàn ń gbé 120. Ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà kòkòrò. Nítorí náà bàbá yín, àwọn tí wọ́n dúró tì lálẹ́ tí wọ́n ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù pọ̀ ju àwọn tí wọ́n di egbò wọn lọ.

OmoIkole77
Ẹ ṣeun sà. Mo ti wá mú ìwé náà jókòó tì báyìí, mo ń kà á bí ẹni ka Bíbélì. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò, mi ò ní kọ orúkọ ẹni yẹn síbí, bóyá ó lọ́mọ níbì kan.

Ojú ìwé kọkànlá. Báyìí ni wọ́n kọ ọ́:

T 5.40. Odò. Ó tutù bí ẹja.
M 6.00
M 6.45, ó ṣì ń ké
7.10 kúbùsù 3, tíì
7.50, lẹ́yìn ẹ̀ àgbélébùú.

Àwọn yòókù, ìlà kan ṣoṣo ni, èyí nìkan ni wọ́n kọ gùn báyìí. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé láti ojú ìwé yẹn lọ, kò sí M kankan mọ́. T wà, aago wà, orúkọ wà, títí ìwé fi tán. M ò sí. Ṣé oògùn ló tán lọ́wọ́ wọn ni?

NoosiAdo
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìjẹta láìdá sí i. Nọ́ọ̀sì théátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí ní Ado, ó ti ń lọ sí ọdún mọ́kàndínlógún.

Bọ̀ọ̀dá, mi ò rò pé oògùn ló tán.

Nígbà yẹn abẹ́ awọ ni wọ́n ń gún mọ́fíìnì sí. Tí ẹ̀jẹ̀ ti dà púpọ̀ lára èèyàn, tó tún gba inú odò kọjá, tí ara ẹ̀ ti tutù bí bàbá ṣe kọ ọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé awọ mọ́, ara á kó gbogbo ẹ̀ lọ sínú láti fi gba ọkàn àti ọpọlọ là. Oògùn tí wọ́n gún á kàn jókòó síbi tí wọ́n gún un sí ni. Kò ní lọ ibì kankan. Ẹni náà á máa ké, ẹ máa rò pé kò ràn án, ẹ máa gún òmíràn. Ìyẹn náà á jókòó. Wọ́n wá fi kúbùsù bò ó, wọ́n fún un ní tíì gbígbóná, ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. Ara ẹ̀ móoru, ẹ̀jẹ̀ padà sí awọ, ó kó abẹ́rẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni náà á dákẹ́. Ẹ máa rò pé ara tù ú. Èémí ẹ̀ ló ń rẹlẹ̀.

Ẹ má ṣi èmi náà gbọ́ o. Ọkùnrin yẹn lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ti dà ló pa á, kò sẹ́ni tó lè jókòó sí Ado kó mọ̀. Wọn ò sì kọ́ ọ́dálì kankan ní ohun tí mo sọ yìí nígbà yẹn torí àwọn dókítà fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kíyè sí i ni. Dókítà Amẹ́ríkà kan, Henry Beecher, tó wà lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà ní Ítálì, 1944 ló kọ ọ́ jáde pé ẹ ṣọ́ra, ẹ má máa gún ẹni tó tutù lágùntúngún. 1944, bàbá yín wà nínú igbó níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń já ìrẹsì sílẹ̀. Lóde òní inú iṣan la ń gún un sí, díẹ̀díẹ̀, oògùn tó ń pa agbára ẹ̀ náà sì wà nítòsí.

Àmọ́ ẹ wo àkọsílẹ̀ wọn. Wọ́n kọ pé ó tutù. Wọ́n kọ kúbùsù. Wọ́n kọ gbogbo aago. Ẹni tí ò fura ò ní kọ ọ́ tó báyẹn.

Otito_Koro
Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. @OmoIkole77 ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ lókè nípa abẹ́rẹ́. Ti abúlé ìyá mi ṣì rí bí mo ṣe sọ ọ́ o, àmọ́ kì í ṣe bàbá yín ni mo ń bá wí.

BabaSajenti_Ilawe
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo ní kí ọmọ yìí kà á fún mi lẹ́ẹ̀kejì.

Àwa, wọ́n ti sọ fún wa ní tiwa. Ọ̀gá tó kọ́ wa sọ ọ́ lẹ́nu kan ṣoṣo, ó ní tára bá tutù ẹ má ṣe gún un lẹ́ẹ̀kejì, kò sọ ìdí ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè. Gbogbo ọdún wọ̀nyí mo rò pé ká má fi oògùn ṣòfò ló fà á, torí oògùn ò tó. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń bẹ̀ mí nínú ọkọ̀ ojú omi, mo ń sọ pé ó di iwájú, ó di iwájú, mo rò pé ìkà ni mò ń ṣe. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.

Ó dáa. Omi ń bọ̀ lójú mi, ẹ jẹ́ n lọ jẹun.

OmoIkole77
Ẹ̀yin ará, Sátidé mo lọ Ìkọ́lé. Mo gbé ìwé náà dání lọ bá ẹ̀gbọ́n màmá mi, àwọn tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọrọ̀ yẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, mo kàn ka ohun tí nọ́ọ̀sì kọ fún wọn, mo ń túmọ̀ ẹ̀ bó ti yé mi. Wọ́n ń jẹ obì lọ ní tiwọn. Nígbà tí mo parí wọ́n béèrè pé ọmọ ibo ni ṣọ́jà yẹn. Mo ní kò sí nínú ìwé, orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà. Wọ́n ní kí n pè é. Mo pè é. Wọ́n ní kí n tún un pè, wọ́n wá ń pè é tẹ̀ lé mi, wọn ò lè pè é dáadáa torí eyín.

Wọ́n wá sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ibà mú àwọn débi pé ọrùn àwọn ń gan, ìyá àwọn kúnlẹ̀ bẹ bàbá pé kó gún ọmọ ẹ̀ labẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ dẹ̀ wà nílé, aládùúgbò kan rà á wá. Bàbá gbé àwọn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lóru, wọ́n fi ọ̀já so àwọn mọ́ ẹ̀yìn ara wọn, ó di Ado. Àwọn rántí pé ní gbogbo ọ̀nà bàbá ń nawọ́ sẹ́yìn láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àwọn. Wọ́n ní, “mo rò pé ó ń wò ó bóyá mo ti já bọ́ ni.”

Wọn ò sọ nǹkan míì. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ulé àwọn ló máa wà. Mi ò lè bá wọn jà.

TisaIjero
Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó pẹ́, ní ọ̀sán, nítòsí fèrèsé, ẹ má lo fúláàṣì torí pẹ́ńsù á dán. Ẹ dẹ̀ fi káńfọ̀ sínú pọtimáńtò yẹn, eku tó jẹ igun ẹ̀ ò tíì kó kúrò nínú ilé.